Fóònù Tó Ń Pa Ẹnu Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ kò ní fi etí nìkan gbọ́ ọ. Yóò wo ojú ẹni tó ń sọ ọ́. Òwe yìí ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí tẹlifóònù tó dé. Síbẹ̀, fóònù kékeré kan tí kò wọ́n ló jẹ́ kí ìyá àgbàlagbà kan ní Ayétẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, mọ bí òwe náà ti jinlẹ̀ tó.

Ọmọkùnrin ìyá yìí tó ń gbé ní Ìbàdàn ló ra fóònù náà fún wọn. Irú èyí tí ènìyàn ń ṣí bí ìwé kí ó tó sọ̀rọ̀ ni, tí yóò sì pa á dé bí ọ̀rọ̀ bá tán. Flip ni àwọn ọmọ ìgboro ń pè é. Ìgbà kan wà tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun afẹ́. Nígbà tí Motorola gbé StarTAC jáde ní ọdún 1996, àti nígbà tó gbé Razr V3 jáde ní ọdún 2004, kì í ṣe ọwọ́ aláta àti elélùbọ́ ni ènìyàn ti lè rí wọn. Lónìí, fóònù onífọwọ́tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé kiri, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé sì ti di ohun tí ọmọ ń rà fún òbí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: Nokia 2660 Flip tó jáde ní ọdún 2022 ní bọ́tìnnì ńláńlá, ó sì ní ọ̀kan tí arúgbó lè tẹ̀ bí ewu bá dé.

Iṣẹ́ gàrí ni ìyá náà ń ṣe. Ẹbu àti èéfín kò jìnnà sí wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá ti wà ní pípadé ní etí ìró wọn, ojú rẹ̀ kò ní họ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dédé pe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré níbi tí iná ìjọba kò ti ṣeé gbójú lé. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tó kù ní báńkì, àmì ìràwọ̀ àti nọ́ńbà díẹ̀ ni wọn yóò tẹ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n fẹ́ràn bí ó ṣe ń dún pà bí wọ́n bá pa á dé. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí àlejò bá dìde, tó dágbére, tó sì lọ ní tòótọ́.

Ọjọ́ kan wà tí fóònù náà san gbogbo owó tí wọ́n fi rà á padà. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu Ìgàngán, tó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá kan náà pẹ̀lú Ayétẹ̀. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìròyìn ti dé Ìbàdàn. Nígbà tí ọmọkùnrin náà pe ìyá rẹ̀, fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì péré. "Mo wà o, ọmọ mi. Inú ilé ni mo wà." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni, ó sì tó.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àbùkù. Ọrùn ni ibi àìlera fóònù yìí. Wáyà pẹlẹbẹ kan ló gba inú ọrùn náà kọjá láti ibi bọ́tìnnì dé ojú fóònù, bí ènìyàn bá sì ṣe ń ṣí i tó ń pa á dé ni wáyà náà ń tẹ̀, tó ń nà. Ọjọ́ a sì dé tí yóò já. Nígbà tí ti ìyá náà já, ojú fóònù funfun báláú, ohùn sì ń gbọ́ síbẹ̀. Odidi oṣù kan ni wọ́n fi ń ka bọ́tìnnì pẹ̀lú àtàǹpàkò kí wọ́n tó rí alátùn-únṣe tó bá wọn pààrọ̀ wáyà náà.

Àbùkù kejì kò ní alátùn-únṣe. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọbìnrin wọn wà, ó sì bí ìbejì síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò yàtọ̀, ìyá àgbà a máa béèrè ṣáá pé, "Ṣé Táyé ni, àbí Kẹ́hìndé?" Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ìyẹn rín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ìyá yóò béèrè àlàáfíà, ọmọ yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́, Màámi, kò sí ìyọnu." Ọmọ yóò béèrè tirẹ̀, ìyá yóò dáhùn pé, "Ara mi le koko." Wọn yóò sì pa fóònù dé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọbìnrin kan ní ilé kejì, tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Lánlátẹ̀, gbé fóònù onífọwọ́tẹ̀ rẹ̀ wá kí wọ́n lè rí àwọn ìbejì. Ojú ìyá àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ yọ. Ó ti rù. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ síta, ó sì dè gèlè mọ́rí nínú ilé ara rẹ̀. Kí ìyá tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ ti béèrè pé, "Màámi, ọ̀pá wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn?"

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó dáhùn. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ ti fi ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Oṣù mẹ́fà ni ìyá ti fi ń tiro. Olúkúlùkù fi ìfẹ́ bo ẹnìkejì lójú, fóònù tí kò ní ojú sì bá wọn pa àṣírí náà mọ́.

Ọmọkùnrin wọn fẹ́ ra fóònù ńlá fún wọn lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti le jù fún fífọwọ́tẹ̀, iná rẹ̀ kì í pẹ́, ìró kò sì ní lè gbé e. Fóònù kékeré ṣì wà ní etí ìró wọn lónìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, wọn a wẹ̀, wọn a wọṣọ, wọn a sì ti ọ̀pá lọ sí ilé kejì láti lọ wo ojú ọmọ wọn. Wọn kì í gbé ọ̀pá náà pamọ́ mọ́.