Ìrìnàjò Ìbátan Ọ̀já Kòríkò Láti Columbia Road Dé Peckham

Ọjà òdòdó Columbia Road ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n máa ń ná ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ni ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò tó léwu fún wọn jù lọ, pàápàá nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlè tí ìrì dídì, èyíinì ni ìrì tó gan di yìnyín wínníwínní, máa ń bo koríko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kan nínú irú ewéko bẹ́ẹ̀ ni ìbátan ọ̀já kòríkò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dracaena trifasciata, tí ilẹ̀ àbínibí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò, tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé.

Arìnrìn-àjò tó rà á lọ sí Peckham, àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí ní gúúsù ìlú náà, rọra gbé e sínú ọ̀rá, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó rélùweè Hoxton, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ewé yọ síta, òtútù sì ń fẹ́ lù ú. Rélùweè náà gba Shadwell, ibi tí kò jìnnà sí Wellclose Square tí Dókítà Nathaniel Bagshaw Ward gbé, ẹni tó ṣàkíyèsí ní 1829 pé ewéko lè hù nínú ìgò tí a dé pa, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ ṣe àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń kó ewéko gba orí òkun. Nígbà tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ láti Sydney ní 1834, yìnyín bo ọkọ̀ náà nítòsí Cape Horn, síbẹ̀ ewéko inú rẹ̀ gúnlẹ̀ láàyè. Ọ̀rá ọjà kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí arìnrìn-àjò náà dé Peckham, kò sí àmì kankan lára ewé, ohun tó sì máa ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara ewéko, ló kọ́kọ́ ń di yìnyín, tí á máa fa omi inú wọn jáde títí awọ wọn yóò fi ya. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ tán ni ewé tó ń ṣókùnkùn, tó ń rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀ bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, tí omi sì ń sẹ̀ jáde lára rẹ̀.

Ìkánjú pẹ̀lú lè pa ewéko tí òtútù ti mú, nítorí ẹni tí àánú ṣe á gbé e ti ẹ̀rọ amúlé-móoru, á rọ omi sí i, á sì tún fi ajílẹ̀ kún un, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì lágbára láti mu ohunkóhun. Yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ni ó yẹ ẹ́. Ewé tó ti rà ni kí á fi ọ̀bẹ mímú gé láti ìdí, nítorí ìjẹrà rẹ̀ a máa sọ̀kalẹ̀. Èyí tó kàn ní àpá lásán ṣì ń pèsè oúnjẹ, kí á fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí á yẹ igi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò, èyí tó nípọn, tó sì ta ẹ̀ka bí atalẹ̀: bí ó bá ṣì le, ó ṣeé ṣe kí ó yọ ọmọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru.

Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á nígbà òtútù béèrè ibi tí ewéko náà sùn mọ́jú lọ́wọ́ olùtà, kí ó sì ní kí wọ́n fi bébà wé e láti ìdí dé ṣóńṣó.