Ìyẹ̀fun Pákó Lábẹ́ Àjà Púpurú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń fi èéfín gbẹ, ṣe yí padà ní Àjàgbà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, kó lọ wo ìdí iná. Bí ìyá mi àgbà ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́ náà la ṣì ń ṣe é: a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí oró rẹ̀ yóò sì dínkù, a ó ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, a ó gbé òkúta lé e nínú àpò kí omi ro dànù, ká tó ṣù ú sórí àjà. Ohun tó ń jó lábẹ́ àjà ló yàtọ̀.

Igi ni ìyá mi àgbà ń dá, ìhá epo ni wọ́n sì fi ń tan án. Nígbà tó fi máa kan màmá mi, ọkọ̀ gẹdú ti ń kó igbó lọ sí Òrè àti Òkìtìpupa, igi ìdáná jìnnà, ó sì wọ́n. Ẹ̀yìn sọ́míìlì ni wọ́n yà sí. Òkìtì ìyẹ̀fun pákó wà níbẹ̀ tí àwọn onísọ́míìlì fúnra wọn ń dáná sun kí ilẹ̀ lè mọ́. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà o! Lónìí, àpò-àpò la ń rà á.

Ìyẹ̀fun pákó dára fún púpurú, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń jó, kì í yọ ahọ́n iná tí yóò sun ìṣù. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lè ní omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kí omi yẹn tó gbẹ, ooru igi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó di ìgbà tó bá kọjá 200 kí igi tó rú èéfín gidi. Iná á kàn máa se omi lásán. Tó bá fi máa di òru, ó ti kú, ẹ̀gẹ́ á sì bu lórí àjà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tapólì ni mo ń tẹ́ ẹ sí, kó má nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ, mo sì ń fi réèkì yí i. Nígbà òjò, tí oòrùn Ìkálẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bí mo bá ti kó púpurú kúrò lórí àjà ni mo máa ń gbé páànù lé ooru tó kù, tí mo sì da ìyẹ̀fun sínú rẹ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un. Bó bá dì mọ́ra, omi ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ṣàn gba àárín ìka rẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti tó. Jẹ́ kó tutù kóo tó dì í, torí àpò tí a dì ní gbígbóná á làágùn sínú. Orí pákó ni kó dúró sí, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì.

Inú agolo ńlá tí a lu ihò sí nísàlẹ̀ ni mo ń ki ìyẹ̀fun gbígbẹ sí láti dáná. Ìgò á dúró láàárín. Bí mo bá kì í tán tí mo yọ ìgò, ojú ihò á kù tí atẹ́gùn ń gbà. Ìyẹ̀fun tó ṣì ní omi díẹ̀ ni mo ń fi bo orí rẹ̀, kó má baà gbiná. Ìyẹ̀fun ọ̀dọ̀ káfíńtà kò wọ ilé mi, torí gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà.

Àwọn kan ti tún ààrò fúnra rẹ̀ ṣe. Ní Gánà, ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn obìnrin Chorkor lẹ́bàá Àkrà àti FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, jọ ṣe ààrò tí a ń to àtẹ ẹja lé lórí ara wọn, kí igi díẹ̀ lè yan ẹja púpọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí omi wà nínú rẹ̀ kò ní jó dáadáa nínú ààrò yòówù.

Ẹ̀yin onísọ́míìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi páànù bo òkìtì yín nígbà òjò. A ó san owó lé e.