Mọ́tò Tí Èèyàn Lè Sùn Sí: Bí A Ṣe Yan Tòkunbọ̀ fún Àlàájà

Àwa mẹ́ta tí à ń kọ èyí kì í ṣe oníṣòwò mọ́tò, a kò sì ní mọ́tò kankan, dánfó ni gbogbo wa ń wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti gba ìsinmi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a rí ṣe: wíwá tòkunbọ̀ tí èèyàn lè sùn sí, tí ó lè wẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì lè po tíì mu láàárọ̀ láìsọ̀ kalẹ̀. Motorhome ni òyìnbó ń pè é. Mọ́tò onílé ni àwa ń pè é.

Àlàájà ló rán wa níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọ̀kan nínú wa ni wọ́n, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wọn wà, kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànrán. Alásè ni wọ́n, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń se oúnjẹ òde. Kì í ṣe òde Èkó nìkan. Wọ́n ń lọ sí Ìjẹ̀bú Òde ní àsìkò Ojúde Ọba, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta, Òṣogbo, títí dé Ìlọrin. Ẹni tó bá ti bá alásè lọ sí òde rí mọ̀ pé òru tó ṣáájú ayẹyẹ ni iṣẹ́ wà. Ibi tí wọ́n ń sùn sí ńkọ́? Orí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwé, tàbí orí ìjókòó bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi kó ìkòkò wá.

Orúnkún Àlàájà kò gba ìyẹn mọ́. Àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n jókòó sílé. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó, pé ọjọ́ tí àwọn bá jókòó ni àìsàn máa tó bẹ̀rẹ̀. Owó èsúsú ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ilẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Ìkòròdú ni wọ́n kó jọ. Wọ́n pè wá sí pálọ̀, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ bá mi wò ó lórí fóònù yín. Ojúlówó ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ jákujàku. Tí owó yìí bá sì fi ti rì, mi ò ní òmíràn o."

Ẹ fojú inú wo bí ara wa ṣe rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìgbádùn òyìnbó ni kí èèyàn máa sùn nínú mọ́tò, ẹ rántí pé ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀nà jíjìn. Ọlábísí Àjàlà fi ẹ̀rọ Vespa lọ káàkiri ayé, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe alárìnkiri ní Àjàlà títí dòní. Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wa Peugeot 107 kékeré láti London, ó sì wọ Èkó ní oṣù kẹrin lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì lójú ọ̀nà. Ó ṣètò ibi tí ó lè sùn sí nínú mọ́tò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Peugeot 107 kò ga ju obìnrin tó bá wé gèlè lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé mọ́tò náà yóò wà ní John Randle Centre ní Oníkan, ní Erékùṣù wa níbí. Nígbà tí a fi àwòrán rẹ̀ han Àlàájà, wọ́n ní ọmọ náà gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n orúnkún tirẹ̀ ṣì dára.

London ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ti wá. Àbúrò Àlàájà tó ń gbé ní Peckham fi fọ́tò ránṣẹ́: mọ́tò funfun tó ní bẹ́ẹ̀dì méjì, ilé ìwẹ̀, fíríìjì, àti tábìlì tí wọ́n lè ká. Owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Gbogbo ilé hó. Àwa náà ti ń yọ̀ kí ọ̀kan nínú wa tó bèèrè pé ẹ̀gbẹ́ wo ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀tún ni. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní ìwakọ̀ apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí ìtọ́kọ̀ wa fi wà lápá òsì. Èèyàn lè san owó kí wọ́n yí i padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò onílé, ilẹ̀kùn tí èèyàn ń gbà wọ yàrá rẹ̀ kì í yí padà. Ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí pèpéle tiwọn wà. Ní Èkó, àárín títì ni Àlàájà yóò máa sọ̀ sí, lójú ọlọ́kadà.

Ọ̀rinrin tún wà ńbẹ̀. A kò tètè mọ èyí, ó sì lè gbé owó èèyàn mì. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onílé kì í ṣe irin láti òkè délẹ̀. Orí irin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n igi pẹ́lẹ́bẹ́, fóòmù àti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe ògiri rẹ̀. Tí omi òjò bá rí ojú ihò kan lórí òrùlé tàbí létí fèrèsé, inú ni yóò máa jẹ igi náà láìjẹ́ kí ará ìta mọ̀. A bẹ àbúrò Àlàájà kí wọ́n lọ fọwọ́ tẹ igun ògiri lábẹ́ fèrèsé, kí wọ́n gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sókè, kí wọ́n ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Igun kan rọ̀ bí búrẹ́dì tí a rì bọ tíì. Ẹni tó ń tà á ti fi bébà tuntun bò ó. Inú bí àbúrò Àlàájà sí wa fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹni pé àwa la fi ọ̀rinrin síbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ó tóbi, ó lẹ́wà, ẹ́ńjìnnì V10 ni, epo bẹntiróòlù ló ń mu. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni yóò fi V10 lọ sí Ìlọrin? Iná rẹ̀ tún jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ 230. Ẹni tó bá so fíríìjì rẹ̀ mọ́ iná NEPA tààrà ti sè é.

Àwa pàápàá dá ọgbọ́n kan nígbà náà: a lọ wọn òpópónà. A mú téèpù télọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Adéníjì Adélé wọ inú àdúgbò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé wọ́n ti tẹ àwọn ojúlé yẹn dó kí mọ́tò tó dé ayé. Ìsọ̀ wà ní ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ wà ní òsì, waya iná rọ̀ wálẹ̀ láàárín. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń tẹ̀ lé wa, tí wọ́n ń bá wa ka nọ́mbà. Bàbá kan dìde lórí àga wọn, ojú wọn ti yí padà. Wọ́n ní ṣé ìjọba ló rán wa, ṣé wọ́n tún fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé ni. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé pé mọ́tò Àlàájà alásè là ń wọ̀nà fún. Bàbá jókòó padà. Wọ́n ní, "Ẹ tètè sọ. Ẹ má tún gbé téèpù kiri níbí láìkọ́kọ́ kí onílé."

Ohun tí a rí ni pé mọ́tò tó bá fẹ̀ ju mítà 2 àti díẹ̀ lọ kò ní í dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ti Amẹ́ríkà súnmọ́ mítà 2.6. Tí waya kan ní igun kejì bá sì ń jẹ́ tiwa, ohun tó bá ga ju mítà 3 lọ yóò pa àdúgbò lẹ́nu mọ́ nínú òkùnkùn.

Jámánì ló kù. Ìtọ́kọ̀ wọn wà lápá òsì, iná wọn bá tiwa mu. Níbí ni àwa mẹ́ta ti pín. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ èyí tó kún, tí wọ́n kọ́ sórí Fiat Ducato, nítorí pé òun ló pọ̀ jù ní Yúróòpù, inú rẹ̀ sì dà bí hòtẹ́ẹ̀lì. Àwa méjì fẹ́ Mercedes Sprinter onírin tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀. Kò láyè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ògiri igi tí omi lè jẹ. Àríyànjiyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Àlàájà gbọ́ wa tán, wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ kan péré: "Tó bá dákú ní Ògèrè láàjìn, ta ni yóò tún un ṣe?"

A pe mẹkáníìkì wọn. Ó ní òun mọ Sprinter, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Ládìpọ̀. Ó ní òun kò tíì fọwọ́ kan Ducato rí. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kàwé ní Jámánì ló bá wa lọ wò ó. A ní kí wọ́n yẹra fún Sprinter àkọ́kọ́, ti 1995 sí 2006, nítorí pé ìpẹtà ti sọ ọ́ lórúkọ, afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun Èkó yóò sì parí èyí tó kù. Wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Wọ́n débẹ̀ láàárọ̀ kùtù kí olówó rẹ̀ tó gbé e gbóná, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àléébù pa mọ́. Nọ́mbà ṣásí rẹ̀ pé 17, W ló sì fi bẹ̀rẹ̀, ti Jámánì nìyẹn. Kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, nítorí pé wọn kì í lo àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn. Nọ́mbà ara irin bá ti inú pépà mu. Nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà fi ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é hàn: 3512, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2012. Táyà náà ń dán, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. A fi ìyẹn já owó wálẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ní àpótí tí èèyàn lè fà yọ, kí ó gbé e lọ dà sí ilé. Èyí ṣe pàtàkì o, nítorí pé kò sí ibùdó ìdalẹ̀ fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn. Ilé ìdáná rẹ̀ kò lè se ju ẹyin díẹ̀ lọ. Àlàájà ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù nígbà tó bá dé, kí wọ́n gbé fírísà síbẹ̀. Àwa ní kí wọ́n fi sítóòfù kan sílẹ̀ fún tíì. Wọ́n ṣì ń rò ó.

Bí a ti ń kọ èyí, mọ́tò náà ṣì wà lójú omi. A ti bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ̀rọ̀ ibi tí yóò máa sùn, wọ́n sì ti dárúkọ owó tiwọn. Ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, wọ́n ní ká tètè gbé e kúrò, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu tàbí owó bẹ̀bẹ̀. Owó àwọn aṣọ́bodè la kò tíì mọ iye tí yóò jẹ́, òun sì ni kò jẹ́ ká sùn. Àlàájà ní tiwọn ti rán kọ́tìnnì àdìrẹ. Wọ́n ti gba owó òde kan ní Ìjẹ̀bú Òde, wọ́n sì ti sọ fún onílé òde pé kí ó má ṣe wá yàrá fún àwọn.