Kùmásí Tó Pè Mí Ní Kofi

Bí àwa tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gánà bá pàdé níbi ìnáwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi fi èdè Twi kí ẹnìkejì. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrìnàjò yìí ti bẹ̀rẹ̀. A ní kí a jọ gba bọ́ọ̀sì kan, kí a padà lọ wo Kùmásí kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ìyá mi ń ta wóróbo nítòsí Kejetia ní Kùmásí: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìyarun, bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá mi a di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a gba ọ̀nà oko kòkó lọ, ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kí a tó fojú kàn án. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ni aago àwa ọmọdé. Ojú irin yẹn ti ti Sekondi dé ìlú náà láti ọdún 1903, ó sì ti di ara ọjà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Maame ni gbogbo wa ń pe ìyá Àṣáńtì tó ni ilé tí a ń gbé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí mi, nítorí náà Kofi ni ó sọ mí, bí wọ́n ti ń sọ gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ wọn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, Maame a gbé agbada kaná níwájú ilé, a din kelewele. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú ni í lò. A gé e wẹ́wẹ́, a lọ atalẹ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, a fi pa á lára, a sì fi í sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ wọlé dáadáa kí ó tó dà á sínú òróró gbígbóná. Ẹni tó mọ dòdò nìkan kò tíì mọ ohun tí atalẹ̀ ń ṣe lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá àti àwọn ọmọ rẹ̀ la jọ ń jẹ ẹ́ láti inú abọ́ kan náà.

Asante Kotoko ló ni ọkàn wa nínú bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kì í yé sọ̀rọ̀ Baba Yara, agbábọ́ọ̀lù tí ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1963. Ọdún 1969 ló jáde láyé. Ọdún yẹn náà ni àwa kó ẹrù.

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni àṣẹ ìjọba Gánà jáde: kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ìwé kankan. Ta ni yóò rò ó pé òun nílò ìwé níbi tí wọ́n sin ibi ọmọ rẹ̀ sí? Ọjà tí ìyá mi fi ọdún gbọọrọ kó jọ, iye tí oníbàárà bá dá lé e ni ó ń gbà. Maame wọlé tọ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, ó ní ẹni tí yóò padà wá kì í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ. Ó sì ní kí a gbàgbé owó ilé oṣù tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tó rí i pé a kò padà, ó fi ẹ̀rọ náà rán dírẹ́bà kan sí wa.

Nígbà tí Kotoko lọ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Kinshasa ní oṣù Kìíní 1971, ẹ̀gbẹ́ rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Mo fò sókè, àwọn ojúgbà mi ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Oṣù Kìíní 1983 ni ìjọba Nàìjíríà náà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo ayé mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn wa fún báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí. Ìyá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe báàgì náà bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀, èmi náà kì í gbà á nínú tèmi.

Bọ́ọ̀sì wa gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé kọjá, ó wọ Gánà ní Aflao. Ní Nsawam, àwọn oníbúrẹ́dì sáré bo fèrèsé wa, gbogbo àwọn àgbà inú ọkọ̀ sì di ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ Kùmásí, ojú mi kò kọ́kọ́ gbá ìlú náà mú. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà nígbà tiwa. Ọdún 1974 ni wọ́n yí i sí ọ̀tún. Gbogbo ohun tí mo ti ń retí ní ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì ni mo ti ń bá a. Ilé ọjà ńlá tuntun ló sì dúró sí Kejetia, mi ò lè fi ìka tọ́ ibi tí àtẹ ìyá mi wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ jọ́sìn nílé ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí: àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n gbé ìjọ yìí dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà. Nígbà tí a lọ ní 1969, ọ̀pọ̀ ilé ìjọ ló ṣófo. Àwọn ọmọ Gánà ló gbà á, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá. Mo wo àga tó kún fún ènìyàn, inú mi dùn gidigidi.

Ilé Maame ṣì wà. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ti di ìyá àgbà. Ó wò mí títí, ó bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó fi Aláta, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kún tèmi: “Kofi, ọmọ Aláta! Akwaaba!” Láti ìgbà tí a ti kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. A dì mọ́ ara wa, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu mi fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní èyí tí a lọ yìí ti tó. Èmi ti forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin yóò bá mi lọ, mo sì ti ní kí ó tètè lọ gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí gbogbo ìwé rẹ̀ ó pé.