Ọ̀rọ̀ Obì ní Bordeaux

Kò jìnnà sí ìlú Bordeaux, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni odò Garonne àti Dordogne ti pàdé tí wọ́n sì di Gironde. Bí omi ti ń ṣàn lọ sí òkun, apá òsì ni Médoc wà, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí ń gba ooru oòrùn pamọ́. Ooru yìí ni ó ń ran èso àjàrà Cabernet Sauvignon, tí kì í tètè pọ́n, lọ́wọ́. Ní apá ọ̀tún, ní Saint-Émilion, amọ̀ tútù wà nínú ilẹ̀, Merlot ni wọ́n sì ń gbìn jù.

A kọ́kọ́ tọ́ ọtí pupa Médoc wò. Ó wúwo lẹ́nu, ó sì fún ahọ́n pọ̀. Agbọ́tí béèrè bí ó ti rí. Àwa tí a ń fi èdè Faransé kọ́ni lójoojúmọ́ wá ọ̀rọ̀ tì. Obì ni ó wà lọ́kàn wa, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ará oko. Nígbà tí ó yá, a sọ ọ́: obì tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín gé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tanin inú èèpo àti kóró èso ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè ohun tí à ń fi tẹ̀lé obì. A ní omi tútù ni, omi náà a sì máa dùn lẹ́nu. Ó gbé ẹran sísun wá: kí a jẹ ẹ́, kí a tún mu. Lóòótọ́, ọtí náà rọ̀.

Ti Saint-Émilion kò nílò ẹran. Òun náà kún ẹnu, ṣùgbọ́n ó rọra wọlé bí èso tó pọ́n dáadáa. Ẹni tí ó bá wa lọ láti Àjàṣẹ́ fara mọ́ ọn pátápátá. Ní tiwa, ó tètè tán lẹ́nu jù; a tún na ife sí ti Médoc.