Ẹ̀wà Inú Garawa

Nígbà tí orúnkún Màmá kò gba iṣẹ́ oko mọ́, àwa tọkọtaya lọ mú wọn láti abúlé wọn ní Lágelú wá sí ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. A ra àga onítìmùtìmù fún wọn, a gba arábìnrin kan tí yóò máa tọ́jú wọn, a sì ṣe é ní òfin pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Lójú ara wa, ọmọ rere ni wá. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, Màmá kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ wọn a máa tutù síwájú wọn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àìsàn kankan.

Ní oṣù kẹjọ, a pinnu láti gbin ẹ̀wà, bóyá yóò dá wọn lára yá. Inú oko ilé-ìwé wa yìí ni àwa méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, a kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Kọnkéré ni gbogbo àgbàlá wa, nítorí náà a kó garawa ọ̀dà mẹ́wàá jọ, a lu ihò sí ìdí wọn kí omi má baà dúró, a sì bu ilẹ̀ dúdú sí wọn. Irú ẹ̀wà tí kì í fà ni a wá, èyí tí ó máa ń tètè gbó. Ìbàdàn wa níhìn-ín ni IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti mú irú ẹ̀wà tí ń gbó ní nǹkan bí 60 ọjọ́ jáde.

A gbin hóró mẹ́ta sínú garawa kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n hù, a fa ọ̀kan tu. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń fi ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ewé dú, ó gbòòrò, àwọn aládùúgbò ń yìn wá. Nígbà tí ó tó 50 ọjọ́, a kò tíì rí òdòdó kan.

Màmá wò wá láti orí àga wọn. Wọ́n ní, “Ẹ ti bọ́ ọ yó jù. Ẹ̀wà a máa wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ kì í so.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe mí.”

Òótọ́ ni. Kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ín tí ń gbé inú wọn ni ń fa oúnjẹ fún un láti inú afẹ́fẹ́. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá pọ̀ jù, kókó wọ̀nyẹn kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ewé ni yóò sì máa yọ.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé àpótí sí àárín àwọn garawa. Màmá jókòó, wọ́n tu ti àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a pààrọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbin òmíràn. Wọ́n ń bomi rin ín láràárọ̀, wọ́n ń ku eérú sí ewé nítorí kòkòrò, wọ́n sì ń bá wa wí bí omi tiwa bá pọ̀ jù. Kí ọdún Kérésìmesì tó dé, a ká ẹ̀wà tí kò kún kóńgò kan. Màmá fúnra wọn ni wọ́n sè é, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán nínú àwo.

Ọdún méjì sí i ni wọ́n lò pẹ̀lú wa. Àwọn garawa náà ṣì wà ní àgbàlá, a sì ń gbìn sí wọn lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin òbí, bí ilé-ìwé bá ní kí ọmọ yín mú ọkọ́ wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú. Ẹ fún un ní ọkọ́.