Ibi Tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ń Sùn Nínú Òtútù

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Brussels, olú-ìlú Belgium, kò ní pé wákàtí kan tí ẹ ó fi dé Leuven. Ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Láti 1425 ni yunifásítì ibẹ̀ ti wà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Omi àlùwàlá tí mo fi wẹ ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ kò lè so ní oko wọn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbogbo ayé pé jọ sí láti 1985, ó lé ní irú 1,500.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò tọ́jú irúgbìn rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú àgbàdo. Ẹ wo èyí tí ẹ ń bó fún dòdò: ǹjẹ́ ẹ rí hóró tí ó ṣe é gbìn nínú rẹ̀? Ọmọ ìdí rẹ̀ ni à ń gbìn. Bí àrùn bá pa ìyá, tí ó pa ọmọ, ó tán nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Ewé àgbagbà tí ó bá nílé ọkọ dúdú bí ẹni pé iná rà á, èso rẹ̀ ń kéré sí i, títí ìdí rẹ̀ fi run. Nígbà tí a fẹ́ tún un gbìn, kò sí ará àdúgbò tí ó ní ọmọ rẹ̀ mọ́.

Inú ìgò kéékèèké ni wọ́n ń gbìn wọ́n sí ní Leuven, lábẹ́ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń yípo ni wọ́n ń tún wọn gé, tí wọ́n ń tún wọn gbìn, òmíràn sì lè yí padà. Nítorí náà wọ́n ń gé ọ̀mùnú rẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi dídùn tí ó ki, kí omi ara rẹ̀ má baà di yìnyín tí yóò fà á ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í bọ inú náítrójìn, èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, tí wọ́n ti sọ di omi. Òtútù rẹ̀ fi ìwọ̀n 196 kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín. Kò dàgbà mọ́, kò sì kú. Bí wọ́n bá yọ ọ́ sínú ooru, yóò tún hu ewé.

Èyí tí ó lé ní 1,000 ló ń sùn báyìí. Ẹ̀dà wọn wà ní Montpellier nílẹ̀ Faransé. Wọ́n ń fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Èmi náà fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ó kọ́kọ́ bi mí. Nílé wa, “ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí kànga” ni gbogbo wa ń pè é.